Ọjọ́ Tí Mo Fa Pèrègún Ààlà Tu

Mo rántí bí ọwọ́ ṣe ń ta mí lọ́jọ́ náà, nítorí pèrègún tó ti pẹ́ nílẹ̀ kì í rọrùn láti fà tu. Mẹ́ta ni mo fà tu kí oòrùn tó mú, tí mò ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní oko ìdílé ọkọ mi lọ́nà Ìyìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbàgbọ́ ni. Mi ò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mi ò lè wàásù fún. Wọ́n ní kí àwa obìnrin ìjọ wó òrìṣà ilé wa. Ilé wa ò ní òrìṣà kankan, ó tilẹ̀ dùn mí díẹ̀. Ìgbà tí mo wá rí i pé bàbá ọkọ mi máa ń kí pèrègún yẹn bó bá dé oko, mo ní ọwọ́ mi ba nǹkan. Mo fà wọ́n tu, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ihò wọn pa, òjò sì rọ̀ lé e.

Àṣé ààlà ni. Bàbá ọkọ mi àti bàbá tó ni oko kejì ti yọ àdá síra wọn lórí ilẹ̀ yẹn nígbà èwe wọn, kí wọ́n tó mulẹ̀. Wọ́n da omi sílẹ̀, wọ́n jọ jẹ iṣu kan ṣoṣo, wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Bàbá kejì ló gbin pèrègún náà. Iná sì ti jó oko méjèèjì lọ́dún tí mo fà á tu, kò sí ebè, kò sí àmì mìíràn. Ojú bàbá ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì. Ibi tí bàbá kejì bá fi ọwọ́ tọ́ka sí ni ààlà.

Bàbá ọkọ mi ò nà mí. Mo ní Ọlọ́run á pèsè. Ó ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run ti pèsè tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo fà á tu."

Nígbà tí a dé oko lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ bàbá kejì ti dúró sí àárín ibi tí à ń gbin iṣu sí, wọ́n ní ibẹ̀ ni ààlà. Bàbá wọn dé. Ó rìn kọjá lára wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri pèrègún tútù mẹ́ta mọ́ ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ wà gan-an. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyàwó ulé wa, bó o bá tún fà á tu, màá tún gbìn ín. Iṣu tí mo jẹ ò tíì dà nínú mi."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ti àwọn Hébérù ayé àtijọ́ fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì: ọkùnrin kan àti bàbá ìyàwó rẹ̀ tó ń bá a jà kó òkúta jọ, wọ́n jẹun nídìí rẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ láti ṣe èkejì ní ibi. Mo tẹrí ba. Ará ìjọ rò pé àdúrà ni mò ń gbà. Ọlọ́run ni àwọn Hébérù fi ṣe ẹlẹ́rìí, àwọn tiwa fi ilẹ̀ ṣe é. Bí àwọn Hébérù bá dalẹ̀, Ọlọ́run a máa rán wòlíì sí wọn pé kí wọ́n padà. Ilẹ̀ tiwa kì í ránṣẹ́.

Bàbá kejì yẹn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi kú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń wàásù májẹ̀mú lónìí, ojú rẹ̀ ni mo máa ń rí.