Omi Àdúrà Nínú Ẹ́ńjìnnì Bàbá Mi

Òórùn ọ́ìlì tó ti jóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọgbà mẹkáníìkì tí mò ń lò ní Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ibẹ̀ ni mo gbé ọkọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ. Písítìn mẹ́fà ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irú èyí tí àwa tá a fẹ́ràn eré ọkọ̀ máa ń tìtorí ẹ̀ jiyàn. Ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀. Mi ò fẹ́ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Èyí tí bàbá mi lò ni mo fẹ́ kó máa sáré lọ, mo kàn fẹ́ ká fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, kún agbára rẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì fọwọ́ gbá búlọ́ọ̀kù, irin ńlá tó gbé àwọn písítìn náà dání. Ó ní, "Irin pọ́nbélé nìyí, ọ̀gá mi. Kò lè fọ́." A so tọ́bò mọ́ ọn. Bí mo ṣe gbé e gba ọ̀nà tó lọ sí àdúgbò Ọgbà, inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́yìn ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù ti là.

Nígbà tí wọ́n tú u, ibi tí omi ń gbà kọjá nínú irin náà ti dípẹtà, ó ti jẹra títí ó fi fẹ́lẹ́ bíi páálí. Mẹkáníìkì bi mí pé, "Ta ló ń da omi lásán sínú èyí?"

Màámi ni. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn dé, wọ́n á ṣí rádíétọ̀, wọ́n á da omi àdúrà sí i, kí ewu má baà wu bàbá mi lọ́nà. Mo ra kúláńtì, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, títí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kó o sí. Wọ́n ní kẹ́míkà ni.

Mo fi ìbínú wọlé bá màámi. Mo ní omi yẹn ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, kò sì ní àtúnṣe mọ́. Wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ń ká sílẹ̀.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni bàbá ẹ ti dákẹ́," ni wọ́n wí. "Wọn ò kú sójú títì."

Ó ń dùn mí títí dòní, mi ò sì rí ẹni bá jà. Ọkùnrin kan náà ni èmi àti màámi jọ ń gbìyànjú láti dì mú kó má lọ, tiwọn ló sì ṣiṣẹ́ pẹ́ ju tèmi lọ.