Wọ́n Ní Kirrily Kì Í Ṣe Ọmọ Ìgbèríko

Ìṣojú mi ni Kirrily Noack ṣe dàgbà ní abúlé ọlọ́sìn àgùntàn wa yìí, níbi tí kò ti sí dókítà. Ó ti gboyè nọ́ọ̀sì, ó sì ti yege ìdánwò àwọn tó ti gboyè kan tí wọ́n tún fẹ́ di dókítà. Yunifásítì kan ní Adelaide, ìlú ńlá kan ní Australia níbí, ya àyè ẹ̀kọ́ dókítà sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá gbé ìgbèríko fọ́dún mẹ́wàá. Àná ni wọ́n pè é, ó sì ṣí fóònù sílẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ gbé níbẹ̀," obìnrin kan wí. "Ọmọ Adelaide la kà yín sí."

"Kíndìnrín bàbá mi ló bàjẹ́. Adelaide nìkan ni wọ́n ti lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìdí tá a fi kó lọ nìyẹn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ ohun tí òfin wí nìyẹn."

Mo já fóònù gbà. "Ṣé orí yín pé? Ká ní dókítà wà níbí ni, ta ni ì bá kó wá sọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá Merv," Kirrily ń fà mí láṣọ.

"Rọra kẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń sọ̀rọ̀?" obìnrin náà bi mí.

"Arúgbó alárùn ọkàn ni. Lọ́jọ́ tí mo bá kú sójú ọ̀nà Adelaide, ẹ má gbàgbé o, ẹ ka èmi náà mọ́ ọmọ ibẹ̀!"