Dùùrù Inú Láptọ́ọ̀pù

Mo rántí ìgbà tí yàrá mi ní Ìbá ń pariwo ju ẹ̀rọ ìlọta lọ. Láptọ́ọ̀pù àlòkù kan tí mo rà l'Álàbá ni mo fi ń ṣe orin. Mo máa ń gba ohùn ohunkóhun sílẹ̀, ìbáà ṣe jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tàbí ọmọrí ìkòkò màmá mi. Màá gé e wẹ́wẹ́, màá tò ó pọ̀, màá sì máa mi orí bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń retí mi. Bàbá mi, ọmọ Èkìtì tí wọ́n ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, tí wọ́n sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ariwo ni. Wọ́n ní orin tí kò bá ti sí ẹni tó ń mí nídìí rẹ̀ kì í ṣe orin. Ó máa ń dùn mí, nítorí kò sí ẹni tí mo fẹ́ kó gbọ́ ọ tó wọn.

Èmi náà ni mò ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin. Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, dùùrù dákẹ́, atúnṣe ní Ọjà Àlàbá sì ní kí a fún òun láyè. Ni mo bá jẹ́wọ́ pé mo ti fi fóònù gba gbogbo nóòtù dùùrù náà sílẹ̀ lọ́jọ́ ìfidánrawò kan, nígbà tí àwọn akọrin ń sinmi, pé ó ti wà nínú láptọ́ọ̀pù.

"Ohùn tí o gé mọ́ inú ẹ̀rọ lo fẹ́ ká gbé lọ síwájú Ọlọ́run?" bàbá mi bi mí.

Màmá mi dá sí i. "Dádì, bí a ò rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ."

Bàbá mi wò wọ́n lójú, nítorí ẹbọ tó wọ ọ̀rọ̀ ìkórè. "Ó dáa. Àmọ́ tó bá dójú tì mí lọ́la, mi ò gbọdọ̀ rí i nílé mi mọ́."

Mo dán an wò. Mo kàn ń fọwọ́ kan nóòtù kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ́ ni, mi ò tẹ ìkankan pẹ́, ọ̀gá sì ni mo pe ara mi.

Lọ́jọ́ kejì, orin ń lọ geere títí a fi dé Àmín ìkẹyìn, níbi tí bàbá mi ti máa ń na ọwọ́ sókè kí ohùn lè gùn. Mo tẹ nóòtù mọ́lẹ̀, mo dúró lé e. Ni sípíkà bá sọ ọ́ ketekete láàárín dùùrù pé: "Álítò, ẹ tún ti já bọ́. Ẹ gbé e sókè."

Ohùn bàbá mi ni, bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn pa dé níwájú wa. Lọ́jọ́ tí mo gba ohùn sílẹ̀, àwọn akọrin ń sinmi lóòótọ́, àmọ́ bàbá mi kì í sinmi; wọ́n ń bá àwọn álítò wí, ohùn wọn sì wọ ìdí nóòtù yẹn. Àwọn álítò ò bèèrè ibi tí ìbáwí ti wá; wọ́n gbé e sókè. Àmín náà dùn débi pé àwọn àgbà ìjọ dìde dúró. Èmi ti ń ronú ẹni tí màá ta láptọ́ọ̀pù fún.

Bí a ṣe ń kúrò ní Okokomáíkò lọ sílé, bàbá mi yíjú sí mi nínú ọkọ̀. "Àwọn tẹ́nọ̀ náà máa ń já bọ́. Ṣé o lè ṣe tiwọn?"

"Ṣé ó ti di orin nìyẹn, sà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọ́n wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n wúkọ́ díẹ̀ láti tún ohùn ṣe, wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu àwọn. Léraléra la gbà á, torí wọ́n ní ìbáwí náà ò tíì bá ohùn dùùrù mu.

Orin láptọ́ọ̀pù yìí ni mo fi ń jẹun báyìí, àwọn ènìyàn sì ń bi mí bóyá orin gidi ni. Mi kì í bá wọn jiyàn. Bàbá mi ò tíì pè é ní orin títí dòní, àmọ́ mo rí bí wọ́n ṣe dijú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tí wọ́n ń wá ohùn tó tọ́.