Ìloro Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Baba Wa

Òórùn ìgbẹ́ màlúù tútù ni àárọ̀ Sátidé fún mi. Kí oòrùn tó yọ ní Ìdèrè, ìyá mi á ti fi omi pò ó nínú korobá, a ó sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ láti pa ilẹ̀ rẹ̀, òun níwájú, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígbà tí ilé ṣì jẹ́ alámọ̀, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Kì í burú tó bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò. Bó bá gbẹ tán, ilẹ̀ á dán, á sì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ nílùú wa ló fi ọwọ́ ara wọn mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé. Àwọn fèrèsé yẹn kéré, wọ́n sì ga, nítorí náà òkùnkùn kì í kúrò níbẹ̀ tán. Pẹpẹ wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ róbótó bí ikùn ìkòkò. Ní ìhà kejì, kí èèyàn tó wọ inú gan-an, ìloro kan wà tí bẹ́ńṣì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n tẹ̀ lórí bí ọrun ọdẹ ló pààlà láàárín ìloro àti inú. Tíṣà ìjọ sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ ṣe ń kọ́ tiwọn: ẹni tí kò tíì ṣe ìrìbọmi àti ẹni tó wà lábẹ́ ìbáwí kì í kọjá ìloro.

Ìyá mi wà lábẹ́ ìbáwí. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ti so òun àti bàbá mi pọ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, àbúrò rẹ̀, Bàbá Ràfíù, ṣú u lópó. Mùsùlùmí ni Bàbá Ràfíù, èèyàn jẹ́jẹ́, ó sì ti ní ìyàwó nílé. Kò ní kí ìyá mi má lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ ló ní kó dìde níbi tó ti ń jókòó láti ìgbà ọmọge, kó lọ sí ìloro.

Ohun tí n kò lè gbé mì nìyí: ní Sátidé, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá mi ti ń pa ilẹ̀ náà láti ìloro títí dé ẹsẹ̀ pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tó pa. Mo bi í ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀." Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń jẹ oúnjẹ Olúwa, mo máa ń rí bó ṣe ń nàgà nínú ìloro kó lè rí ife náà. Ó wù ú débi pé n kì í lè wò ó.

Omi adágún ni gbogbo wa ń mu nígbà náà, sòbìyà kì í sì í wọ́n nílùú. Ọdún tó mú ìyá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó degbò, ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi. Ó di ọwọ́ Bàbá Ràfíù mú, ó ní, "Bí mo bá kú, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé mi kọjá ìloro." Wọ́n gbé e lọ sí ọsíbítù Ìgbó-Ọrà. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀.

Ìloro ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ kalẹ̀ sí. Bàbá Ràfíù bọ́ fìlà rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ tí olóògbé rán an. Tíṣà ìjọ ní bí àwọn baba ṣe kọ́ ilé náà ni wọ́n ṣe fi òfin rẹ̀ lélẹ̀, kò sí èyí tí òun lè yí padà níbẹ̀.

"Tíṣà," Bàbá Ràfíù ní, ohùn rẹ̀ kò sókè, "èmi ni mo ṣú u lópó, òun kọ́ ló ṣú ara rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí èmi dúró sí ìloro, kẹ́ ẹ gbé e wọlé."

Àwọn akọrin kọjú sí pẹpẹ, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi, wọ́n ń kọrin. Wọ́n ní kí n wá jókòó láàárín àwọn ọmọdé nínú, n kò lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti pósí. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, kò sẹ́ni tó pa ilẹ̀ náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Nígbà tí ìsìn parí, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà wọ ìloro náà ni wọ́n gbé e gbà jáde lọ sí itẹ́ òkú.

Ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ yẹn ti wó. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ tuntun, fèrèsé rẹ̀ fẹ̀, kò ní ìloro. Mo ti dàgbà ju ìyá mi lọ báyìí. Ìyá Ìjọ ni wọ́n ń pè mí, àga mi wà níwájú pátápátá, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ mi ń sọ bí wọn yóò ṣe tẹ́ mi síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tí mo bá kú, bó ṣe yẹ Ìyá Ìjọ. Mo ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n gbé mi kalẹ̀ sí, kí wọ́n má gbé mi kọjá ibẹ̀. Àkọ́bí mi ní, "Màmá, kí làwọn èèyàn máa wí?"

Ọmọ tó jókòó ti pósí lọ́jọ́ náà ń fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá òun wọlé. Àgbàlagbà tí mo dà yìí kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ibi tí wọ́n fi ìyá mi sí ló wu èmi náà.