Omi Tó Dé Ọrùn Ẹsẹ̀

Ìyá àgbà mi kò bẹ̀rù ejò. Kò bẹ̀rù àwọn Faransé nígbà tí wọ́n ń gba owó orí, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rù àlùfáà ìjọ tí gbogbo abúlé ń sá fún. Omi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Kì í ṣe omi odò o, nítorí kò sí odò kankan nítòsí wa tó lè gbé ewúrẹ́ lọ. Omi tó ń bẹ̀rù yìí kò tíì dé.

Ọ̀rọ̀ náà rí báyìí. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé láyé àtijọ́, omi kan wá, ó bo gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ láti abúlé Soclogbo títí dé Lèma, orí àwọn òkè wa ní Ìdáàṣà nìkan ló yọ síta. Àwọn tó gun òkè ló là. Omi náà fà lọ, ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ ń bọ̀. Katikísì ìjọ wa gbìyànjú títí láti sọ fún un pé omi yẹn ti tán, pé ọkọ̀ ni àwọn ẹni ìgbàanì fi là á. Ìyá àgbà ní, "Àwọn yẹn ní ọkọ̀, àwa ní òkè. Ohun tí Ọlọ́run fún kálukú ló fi là."

Ìdí nìyẹn tó fi kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀ látorí òkè tó ń gbé. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, ìgbéraga mi kò sì kéré. Bí ẹ bá rí mi lọ́nà, ẹ ó rò pé èmi gan-an ni mo lọ gba òmìnira ọ̀hún wálé. Gbogbo aládùúgbò Ìyá àgbà ti kó sọ̀kalẹ̀ lọ bá oko àti ọ̀nà mọ́tò. Òun nìkan ló kù lókè, òun àti adìẹ mẹ́rin. Omi mímu kò sì sí níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà lójoojúmọ́ ni ìyá mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ru ìkòkò omi gun àpáta. Ẹni tó ń sá fún omi, omi ni wọ́n ń rù tọ̀ ọ́ lọ! Mo fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fẹ́ná, àfi kí ẹnì kan fà á dìde. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí débi pé inú máa ń bí mi sí Ìyá àgbà.

Mo bá ìyá mi gun òkè lọ lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi ilé-ìwé.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀kalẹ̀. Omi kankan kò bọ̀."

"Ọkọ mi, ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀." Irọ́ ni. Ìwé tí mo kà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà láyé.

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Bí o bá lè fi hàn mí pé omi àkọ́kọ́ kò wá rí, á jẹ́ pé èkejì kò ní ibi tó ti ń bọ̀. Màá bá ọ sọ̀kalẹ̀."

Ìyá mi tó ń sọ ìkòkò kalẹ̀ gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀ di tèmi. Mo mọ ohun tí ẹran náà ń wí: ọmọ mi, tètè.

Ẹ̀rí méjì ni Ìyá àgbà ní. Ó mú mi lọ sórí àpáta gbalasa kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tí ihò gígùn gígùn pọ̀ sí, tó dán, tó jin díẹ̀. "Wò ó," ó ní, "omi ló lu àpáta títí tó fi gbẹ́ ẹ." Mo wo ihò, mo wo ọwọ́ ara mi. Mo lọ bu àgbàdo gbígbẹ wá, mo wá òkúta kan tó gba ọwọ́, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀. Òkúta náà bá ihò mu rẹ́gí. Ìyẹ̀fun sì jáde.

"Ìyá àgbà, ọlọ ni! Àwọn obìnrin ló ń lọ àgbàdo níbí."

Ó fi ìka kan tọ́ ìyẹ̀fun náà lá. "Kò kúnná," ó ní, ó sì yí ẹ̀yìn padà.

Ẹ̀rí kejì ló le. Nínú ihò àpáta kan tí òjò kì í dé, ìdílé kọ̀ọ̀kan lágbo ilé wa ní ìkòkò kan. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, wọn á gbé ṣíírí àgbàdo méjì, ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan àti ọkà bàbà gòkè, wọn á kó ti èṣí sọ̀kalẹ̀ lọ gbìn. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, àní àwọn tó ti kó sọ̀kalẹ̀ ṣì ń ṣe é. Ìyá àgbà ní, "Bí kò bá ṣe omi, kí ló dé tí irúgbìn wa fi ń gbé lókè?" Ó mú mi níbẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Mo lọ bá àwọn baba àgbà ní Kèrè àti ní Lèma, mo jẹ iṣu wọn, mo gbọ́ àròyé ẹsẹ̀ dídùn wọn, mo sì ń bi wọ́n léèrè. Ẹnu wọn kò ṣọ̀kan lórí omi, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀kan lórí ogun. Nígbà àwọn baba ńlá wọn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn tó ń kóni lẹ́rú á ya wọ pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn á sun àká oúnjẹ, wọn á kó ènìyàn lọ. Gbogbo ẹni tó lè sáré á gba orí òkè lọ. Wọn kò jẹ́ sọ̀kalẹ̀ wá lọ àgbàdo, orí àpáta ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ sí. Bí àká ìsàlẹ̀ bá sì jóná tán, irúgbìn tó wà lókè ni wọ́n máa gbìn. Ayọ̀ mi kò ṣe é gbé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò gun òkè lọ́jọ́ náà.

"Ìyá àgbà, ènìyàn ni, kì í ṣe omi! Ogun ló bo pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ogun ọ̀hún sì ti parí kí wọ́n tó bí bàbá mi."

Ó ní, "Kí ló dé tí àwọn àgbà kò fi pè é ní ogun?"

Mo ní bóyá ojú ló ń tì wọ́n. Ẹni tó sá fún omi, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ojo. Àti pé nígbà tí ayé rọ̀, a fẹ́ ọmọ àwọn tó ń kóni lẹ́rú, wọ́n fẹ́ tiwa. Ta ló máa jókòó níbi ìgbéyàwó kó máa sọ fún àna rẹ̀ pé baba ńlá rẹ ló ta baba ńlá mi? Omi ló rọrùn láti dá lẹ́bi, omi kì í báni jà lórí ọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín dé ibi tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó dáa," ó ní, "wá ilé fún mi."

Kò bójú mu kí ìyá ìyàwó lọ máa gbé ilé àna rẹ̀, nítorí náà kò lè wọ ilé bàbá mi. Èmi ló yẹ kí n kọ́lé. Ọlọ́gbọ́n ni mí, mo wá ilẹ̀ fúnra mi. Mo rí ọ̀kan láàárín àpáta méjì nísàlẹ̀ òkè, ó tẹ́jú, erùpẹ̀ rẹ̀ dú, kò sẹ́ni tó ń dáko síbẹ̀. Ẹ̀rín ni ẹni tó ni ín ń rín nígbà tó fi ń fún mi. Baba arúgbó kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó ní, "Ibùsùn Omi lo fẹ́ kọ́lé sí?" Ó ní bí àwọn àgbà ṣe ń pe ibẹ̀ nìyẹn. Mo fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ìtàn lásán ni ọ̀rọ̀ omi, pé mo ti wádìí rẹ̀. Ẹ wo ẹnu mi! Baba ní, "O ṣeun, olùkọ́," ó bá tirẹ̀ lọ.

A mọ ilé, a fi páànù bò ó. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ wá bá mi gbé, ọwọ́ kan léjìká mi, ọwọ́ kejì léjìká ìyá mi, adìẹ mẹ́rin nínú agbọ̀n. Ìyá mi ń kọrin ní gbogbo ọ̀nà. N kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mélòó kan.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìdáàṣà mọ̀ pé àpáta kì í mu omi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n òkun ni mo ń wá nínú ìtàn, mo sì gbàgbé àgbàrá ẹ̀yìnkùlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Omi gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó wọ yàrá, ó gba ẹ̀yìn jáde. Ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ ṣàtúnṣe ń léfòó, adìẹ kan wà nínú igbá, ó ń lọ bí aya olóyè. Omi náà dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, kò kọjá ibẹ̀. Ìyá àgbà dúró lórí àpótí, ó di òpó mú.

Mo gbé e pọ̀n lọ sílé katikísì. Mo ń retí kó bú mi, ì bá tù mí lára. Ohun tó sọ kò ju pé, "Bí ọ̀nà bá gbẹ, màá gòkè." Ìyá mi gbọ́, ó fi ọwọ́ kan ìbàdí. Lọ́jọ́ kejì mo gbẹ́ kòtò yí ilé ká kí àgbàrá lè yà, Ìyá àgbà kò wá wò ó.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti ń rìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ti Lèma dé, ó ní òun gbọ́ pé omi dé orúnkún. Àwọn ará Kèrè ní ó dé àyà. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo lọ sí ọjà Ìdáàṣà, alájì kan tó ń ta aṣọ, tí kò mọ̀ mí rí, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ ò gbọ́? Omi bo ilé olùkọ́ kan mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà ló gbé e pọ̀n, tó fi lúwẹ̀ẹ́ jáde!" Mo ní, "Ẹ̀yin rí i?" Ó ní, "Ẹni tó sọ fún mi rí i." Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fi oṣù mélòó kan wá ibi tí ìtàn àtijọ́ ti ń ṣẹ̀ wá, ó wá bá mi nídìí àtẹ aṣọ, ọmọ ọjọ́ márùn-ún, ó ti hu eyín. Mo rẹ́rìn-ín dé àárín ọ̀nà.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín náà gbẹ. Ọ̀nà ti gbẹ, Ìyá àgbà ti di ẹrù rẹ̀, ó jókòó lé e níwájú ilé mi. Àwọn aládùúgbò yí i ká, baba arúgbó ọjọ́sí wà láàárín wọn. Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, òṣùká ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọkọ mi," Ìyá àgbà ní, "ìwọ lo mọ̀wé. Omi tó wá yìí, ṣé òun nìyẹn? Àbí òun ṣì ń bọ̀?"

Ó yé mi. Bó bá jẹ́ àgbàrá lásán ló wọ ilé òmùgọ̀, á jẹ́ pé omi ńlá ṣì wà níwájú, yóò sì gòkè lọ dúró dè é, ìyá mi á máa ru ìkòkò tẹ̀lé e títí ìbàdí rẹ̀ yóò fi ṣẹ́. Bó bá jẹ́ òun ni, á jẹ́ pé ó ti wá, ó ti lọ, Ìyá àgbà ṣì wà láàyè. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa rí ilà ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀, kò ga ju ìka ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ lọ.

"Òun ni, Ìyá àgbà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ó ti wá, ó ti lọ."

"Ó ga tó ibo?"

Mo na ọwọ́ mi sókè, mo fi kan páànù.

Baba arúgbó wúkọ́, ó ní, "Ojú mi ló ṣe."

Ìyá àgbà wo ọwọ́ mi lókè. Ó wo ilà ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá mi, ó wo òṣùká ọwọ́ rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Kí wá ni ẹrẹ̀ ṣì ń ṣe nínú yàrá mi?"

Kó tó dákẹ́, ìyá mi ti ju òṣùká nù, ó ti gbé ìgbálẹ̀.