Fíríìjì Tí Kò Bàjẹ́

Òórùn kẹrosíìnì ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Òórùn ẹja tí ìyá mi ń yan lẹ́yìn ilé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti wọ aṣọ àti irun wa débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Kẹrosíìnì ni mo ń gbọ́, torí pé ní kùtùkùtù ni bàbá mi máa ń kúnlẹ̀ síwájú fíríìjì, tí á gé òwú àtùpà rẹ̀, tí á sì máa wo iná náà títí yóò fi di búlúù. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí òkun Ìlàjẹ á rántí irú fíríìjì bẹ́ẹ̀. Àtùpà kékeré kan ń jó lábẹ́ rẹ̀, iná yẹn ló sì ń mú kí inú rẹ̀ tutù. Títí di òní, n kò lè ṣàlàyé bí iná ṣe ń mú nǹkan tutù, ẹ má sì bi mí.

Ọwọ́ tíṣà kan tí wọ́n gbé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ wa ni bàbá mi ti rà á. Tíṣà náà kìlọ̀ fún un pé ibi tó tẹ́jú gan-an ni kó gbé e sí, torí tí fíríìjì náà bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní tutù. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Orí òpó ni ilé wa wà, bí gbogbo ilé àdúgbò, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ pákó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá àwọn òpó náà wọlẹ̀, kò sì sí àlejò tó wọlé wa tí kò ní gbọ́ ìtàn náà.

Ẹ mọ bí afẹ́fẹ́ òkun ṣe ń jẹ irin. Rédíò wa dípẹtà, ìdí ìkòkò jẹ, ìṣó ilẹ̀kùn sọnù sínú igi. Fíríìjì nìkan ni kò jẹ́ kó rí òun mú, torí pé ní gbogbo Sátidé ni ìyá mi ń bu àdí àgbọn sí mi lọ́wọ́ pé kí n fi pa á lẹ́yìn. Bàbá mi á ní, "Fíríìjì yìí ló máa sin mí." Ìyá mi á bi í pé àwọn ọmọ tó bí ńkọ́.

Kì í ṣe torí omi tútù la ṣe ń tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá bàbá mi jà, àwọn ìgò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé tí ooru bá fi mú oògùn náà, kò wúlò mọ́. Ọmọ tó bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì láìgba àṣẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ fún un.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òkun ti jẹ gbogbo etí ilẹ̀ wa wọlé. Àwọn tó wà níwájú wa ti tú ilé wọn, wọ́n ti kó lọ sẹ́yìn. Ìyá mi bẹ bàbá mi pé kí àwa náà máa lọ, bàbá mi ní òpó àwọn tó kó lọ ló tín-ín-rín, tòun kọ́. Ọ̀rọ̀ náà di ìjà ìrọ̀lẹ́. A kì í sọ ọ́ lójú oúnjẹ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgò omi tí bàbá mi mú jáde nínú fíríìjì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó pààrọ̀ òwú, iná náà búlúù dáadáa, síbẹ̀ kò tutù. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe sí irú fíríìjì bẹ́ẹ̀: òun àti aládùúgbò kan dojú rẹ̀ délẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, torí a gbà pé ohun tó ń mú un tutù ló sùn sódì nínú páìpù rẹ̀, kó lè padà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé e dìde síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò tutù.

Ìyá mi ri àwọn ìgò abẹ́rẹ́ náà mọ́ inú iyanrìn tútù nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ooru tiwa kì í ṣe ooru eré. Láìpẹ́, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láìdáwọ́ dúró. Ojú rẹ̀ ṣú, kò lè lọ sójú omi mọ́. Ó ń gún abẹ́rẹ́ náà lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń gún omi lásán. Ẹ̀rù bà mí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Ìyá mi ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókọ̀dá, bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tún fíríìjì ṣe ná.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, ìyá mi ń ṣan edé. Ó gbé abọ́ ńlá tó kún fómi lé orí fíríìjì kó lè nu ọwọ́, ló bá dúró, ó ń wò ó.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ wá wo omi yìí."

Omi náà kan ẹnu abọ́ lápá ọ̀dọ̀ òkun, lápá kejì ó rẹlẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì yí abọ́ náà sí òdìkejì. Omi ò yí padà, apá ọ̀dọ̀ òkun náà ló ṣì lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì, ó fi í síbẹ̀ pẹ́.

"Fíríìjì ò bàjẹ́," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Ilé ló ń lọ."

Bàbá mi wá pákó, ó gé e, ó ki í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì títí omi inú abọ́ fi tẹ́jú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, yìnyín ti ń mú lára ògiri inú rẹ̀. Mo jó yí ilé ká. Mo sáré lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí afárá pákó pé fíríìjì wa ò bàjẹ́, bàbá mi ò ní kú. Mo rí i pé ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò bá mi yọ̀.

Kò pẹ́ tó tún fi wá pákó mìíràn ki bọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ìyá mi máa di ẹrù. A fi ọkọ̀ kó lọ sẹ́yìn, wọ́n mú oògùn tuntun wá fún un, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ibi tí ilé yẹn wà, ẹja ló wà níbẹ̀ báyìí.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Fíríìjì tí mo rà gbẹ̀yìn kú kí n tó ya ọ̀rá ara rẹ̀ tán, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi sì jọ ń bú àwọn tó ń ṣe nǹkan ayé ìsinsìnyí. Mo ti ju ọjọ́ orí bàbá mi lọ́jọ́ náà lọ. Mo ti kọ́ ilé tèmi, mo mọ bó ṣe ń gba ènìyàn lágbára. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé ìròyìn ayọ̀ ni ìyá mi sọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ fíríìjì yẹn, ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ fíríìjì ló bàjẹ́, kó má jẹ́ ilé.