Ibi Tí Làtífù Gé Nínú Fíìmù

Ẹ má bá mi sọ pé sinimá kì í pa èèyàn. Ẹ lọ bi Làtífù ará àdúgbò Rumuomasi.

Òun ló ń yí fíìmù ní ilé sinimá kan ní Port Harcourt kí ogun tó dé. Fíìmù ogun kan wà níbẹ̀ tí àwọn èrò fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, táńkì lọ́tùn-ún, táńkì lósì. Ìparí rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Ìbọn ọ̀tá ba táńkì ákítọ̀, ó gbiná, ọmọrí rẹ̀ há, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń lu irin, kò ṣí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn èrò fọ́ àga: “Actor no dey die!” Ọ̀gá ní kí Làtífù wá nǹkan ṣe sí i. Ló bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ibẹ̀ kúrò, ó sì fi ibòmíràn tí ákítọ̀ ti ṣí ọmọrí tó bẹ́ jáde lẹ̀ ẹ́. Inú gbogbo wọn dùn. Èyí tó gé, ó ká a sínú agolo mílíìkì. Ibi kan ṣoṣo tó jọ òótọ́ nínú fíìmù náà, ibẹ̀ ló gé o!

Tàófíìkì, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Memunat ìyàwó rẹ̀ bí, wo fíìmù yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà tí rògbòdìyàn lé wọn padà sí Ìwó, ibẹ̀ ló ti wọṣẹ́ sójà. Ó ní ọkọ̀ ogun onírin lòun fẹ́ máa wà. Memunat ń sunkún, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.

“Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá gbiná, mo máa ṣí ọmọrí, mo máa bẹ́ jáde. Ṣebí ẹ̀yin náà ti rí i?”

Làtífù wà níbẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ pé irọ́ ni.

Lọ́dún 1969, lẹ́yìn tí tọkọtaya ti padà sí Port Harcourt, Akínfẹ́nwá, sójà ẹgbẹ́ ọmọ wọn, wá bá wọn nílé. Ó ṣí fìlà. Ó ní ọkọ̀ Tàófíìkì gbiná lọ́nà Owerri. Memunat ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

“Ó ti bẹ́ jáde. Inú igbó ló máa wà.”

Akínfẹ́nwá wo Làtífù, ó wolẹ̀.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Memunat fi ń bu oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó kọ̀, wọn ò gbọdọ̀ ṣàdúà òkú fún un. Ọjọ́ gbogbo ló ń dúró sẹ́bàá títì, tó ń wo ojú sójà lọ́kọ̀ọ̀kan. Làtífù ò lè wò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé sinimá ṣófo, ó mú un lọ, ó fi í jókòó níwájú. Ó tú agolo tó ti fi pamọ́ sókè àjà kí wọ́n tó sá, ó lẹ ibẹ̀ padà, ó yí i. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ń lu irin, wọ́n ń lù ú, nígbà tó yá wọn ò lù mọ́.

Memunat ò pariwo. Ó yíjú sókè, síbi ihò tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

“Bàbá Tàófíìkì, ṣé ibí yìí ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ọjọ́ tí ọmọ mi ń lọ ńkọ́? Ẹ mọ̀?”

Làtífù bú sẹ́kún. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, Memunat ti lọ. Làtífù délé, ó bá abọ́ ọmọ náà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Abọ́ oúnjẹ Làtífù fúnra rẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti dojú òun náà délẹ̀.